Bàbá òyìnbó tá a jọ ń wo bọ́ọ̀lù kò fẹ́ béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀: ẹ bá mi dá sí i

Bàbá Ìbejì, Sunderland

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará wa. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láìfèsì, àmọ́ èyí tó wà nílẹ̀ yìí kọjá ohun tí èmi nìkan lè dá rò.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gba tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́dọọdún ní Stadium of Light, bàbá òyìnbó kan náà ló sì ń jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún mi láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó ti pé ẹni ọdún 79. Ẹni tó bá mọ Sunderland á mọ̀ pé orí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń wa èédú, ìyẹn Monkwearmouth Colliery, ni wọ́n kọ́ pápá yẹn sí. Ọdún 1993 ni wọ́n ti ibi ìwakùsà náà pa, ọdún 1997 ni wọ́n ṣí pápá. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ níbẹ̀ ni bàbá yìí ti lo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ère fìtílà àwọn awakùsà wà níta pápá. A ò lè kọjá níbẹ̀ kó má fọwọ́ kàn án. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Abẹ́ ẹsẹ̀ wa níbí ni mo ti ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán mi."

Òun ló kọ́ mi ní bọ́ọ̀lù ìlú yìí. Ó wà ní Wembley ní 1973 nígbà tí Sunderland tó wà ní ìpele kejì na Leeds 1-0, tí wọ́n gba ife FA Cup. Ní May 2025 tá a na Sheffield United 2-1, tí góòlù kejì wọlé lẹ́yìn tí 90 ìṣẹ́jú ti pé, tá a sì padà sí Premier League, ó dì mọ́ mi, ó ń sunkún, èmi náà ń sunkún.

Ìgbà òtútù tó kọjá ni mo kọ́kọ́ fura. Bí wọ́n bá ti fọn fèrè ìparí, gbogbo wa a máa sáré lọ sídìí mọ́tò, òun á ní òun fẹ́ jókòó díẹ̀ sí i nísàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta tíì, torí ibẹ̀ móoru. Lọ́jọ́ kan ó ní kí n bá òun mú ìwé tí wọ́n tẹ ètò ìdíje sí dání. Mo yí i padà, mo rí i pé ó ti kọ nọ́ńbà kún ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọjọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà. Nọ́ńbà mítà gáàsì rẹ̀ ni. Alaalẹ́ ló ń kà á kó tó sùn. Bí nọ́ńbà bá ti sáré jù lánàá, kò ní tan ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná lónìí.

Labour ló ti ń dìbò fún láti ìgbà tó ti tó ìbò í dì. Ó wà nínú ìyanṣẹ́lódì 1984 sí 1985, odidi ọdún kan láìrí owó iṣẹ́ gbà. Nígbà tí Rachel Reeves, mínísítà ìnáwó ìjọba Labour, wá kéde ní July 2024 pé ẹni tó bá ń gba Pension Credit (owó tí ìjọba fi ń kún ti àgbà tí owó tó ń wọlé fún un kò tó) tàbí irú ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀ nìkan ló máa rí owó ìdáná ìgbà òtútù, ìyẹn owó tí àwọn àgbà fi ń mú ilé gbóná, £200 bàbá lọ síbẹ̀. Ó ní kì í ṣe £200 yẹn ló dun òun tó bẹ́ẹ̀, pé ọwọ́ ará ilé òun ló ti wá ló dun òun. Ṣùgbọ́n bàbá kì í fi apá kan ọ̀rọ̀ pamọ́. Ní October ọdún yẹn kan náà, Reeves yìí ló dá £1.5 bílíọ̀nù padà sínú àpò ìfẹ̀yìntì àwọn awakùsà, àpò tí ìjọba ti ń pín nínú èrè rẹ̀ láti 1994. Bàbá ní bí mo bá ń sọ ìkíní, kí n máa sọ ìkejì mọ́ ọn. Wọ́n sì ti yí ti owó ìdáná padà ní June 2025: ẹni tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò bá ju £35,000 lọ á rí i gbà.

Ibi tọ́rọ̀ ti há nìyí. Ikọ́ ń bá a jà, orúnkún rẹ̀ ò gbé e dáadáa mọ́, òun nìkan ló sì ń gbé látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Mo ní kó lọ béèrè Pension Credit. Ó wò mí lójú, ó ní, "Owó ìfẹ̀yìntì mi, mo ṣiṣẹ́ fún un. Ìyẹn tó o ń sọ, ti àwọn tí ò ní ni. Mi ò tọrọ jẹ rí." Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ìdajì àkọ́kọ́ fi parí.

Owó ìfẹ̀yìntì tó ń gbà lọ́wọ́ ìjọba ní 2025 yìí jẹ́ £176.45 lọ́sẹ̀, ti awakùsà jẹ́ bí £100. Kò ní owó púpọ̀ ní báńkì. Ǹjẹ́ ó lẹ́tọ̀ọ́ sí nǹkan kan? Báwo ni màá ṣe sọ ọ́ tí kò ní dà bíi pé mò ń sọ ọ́ di alágbe? Ẹ bá mi wo tèmi náà: mo pé 64 ní August 2025, ọdún 22 péré ló wà nínú ìwé National Insurance mi (owó tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù kéèyàn lè gba owó ìfẹ̀yìntì ìjọba), mo sì fẹ́ padà sílé, sí Abẹ́òkúta, tí mo bá fẹ̀yìn tì.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Newcastle

Bàbá Ìbejì, ẹ kú aájò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dárúkọ Pension Credit létí bàbá mọ́. Attendance Allowance, owó tí ìjọba ń san fún àgbà tó nílò ìrànlọ́wọ́ nítorí àìlera, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé síwájú rẹ̀.

Wọn kì í wo iye tó ń wọlé fún èèyàn kí wọ́n tó san án, wọn kì í sì í wo báńkì. Olówó ń gbà á, tálákà ń gbà á. Ohun tí wọ́n ń wò ni pé ẹni náà ti kọjá ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì, pé àìsàn tàbí àìlera sì ti jẹ́ kó nílò ìrànlọ́wọ́ fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán. Kò dìgbà tẹ́nì kan bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tó ń ràn án lọ́wọ́. Pé ó nílò rẹ̀ ti tó. Ní ọdún 2025 sí 2026, £73.90 ni wọ́n ń san lọ́sẹ̀ fún ẹni tó nílò rẹ̀ lọ́sàn-án tàbí lóru, £110.40 fún ẹni tó nílò rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ẹ sọ fún bàbá pé ara tó ti fi ṣiṣẹ́ ló fẹ́ gba nǹkan padà.

Ìdí fọ́ọ̀mù ni àwọn àgbà ti máa ń ṣi í ṣe. Wọ́n á bi wọ́n pé ṣé ẹ lè wọṣọ fúnra yín, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ kọ́, wọ́n lè wọ̀ ọ́. Àmọ́ ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń wọ ìbọ̀sẹ̀. Mo tọ́jú bàbá kan rí tó jẹ́ pé ìdí àtẹ̀gùn ilé ló ti ń jókòó wọ ìbọ̀sẹ̀. Á gbé ẹsẹ̀ kan sórí àtẹ̀gùn, á fà á dé ìgìgísẹ̀, á sinmi, á tún fà á. Tó bá tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó ti wọ méjèèjì. "Mo lè ṣe é fúnra mi" ló kọ sí fọ́ọ̀mù, wọ́n sì dá a padà. Ẹ kọ bí ọjọ́ tó le ṣe ń rí. Ẹ kọ ìgbà tó ṣubú, ẹ kọ iye ìgbà tí ikọ́ ń jí i lóru. Ẹ má bù mọ́ ọn, ẹ má sì bò ó. Age UK àti Citizens Advice, àwọn àjọ tó ń gba aráàlú nímọ̀ràn, ń bá èèyàn kọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun mìíràn tí ọ̀pọ̀ awakùsà ò mọ̀: láti 2009 ni ìjọba ti gbà pé orúnkún tó bàjẹ́ wà lára àìsàn tí iṣẹ́ abẹ́ ilẹ̀ ń fà, fún ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ náà tó ọdún mẹ́wàá lápapọ̀. Ikọ́ àti èémí tó ń há náà wà nínú ìwé yẹn. Industrial Injuries Disablement Benefit ni wọ́n ń pe owó tí wọ́n ń san nítorí rẹ̀. Ẹ bi Citizens Advice nípa rẹ̀ nígbà kan náà.

Akọ̀wé Owó, Manchester

Nọ́ọ̀sì ti la ọ̀nà, ẹ jẹ́ n gbé ìṣirò kalẹ̀.

Ìlà tí Pension Credit ń wò fún ẹni tó ń dá gbé lọ́dún 2025 sí 2026 jẹ́ £227.10 lọ́sẹ̀. Ti bàbá jẹ́ £276.45. Bó bá béèrè lónìí, wọ́n á ní rárá, kò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni tún bá òun sọ ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n bí Attendance Allowance bá ti bọ́ sí i lọ́wọ́, tó jẹ́ òun nìkan ló ń gbé, tẹ́nikẹ́ni ò sì gba Carer's Allowance (owó ẹni tó ń tọ́jú aláìlera) nítorí rẹ̀, wọ́n á fi £82.90 kún ìlà yẹn. Ó di £310. Attendance Allowance fúnra rẹ̀ kì í sí lára owó tí wọ́n ń kà sí i lọ́rùn. Ẹ yọ £276.45 nínú £310, ó ku £33.55 lọ́sẹ̀. Ìyẹn lé ní £1,740 lọ́dún, yàtọ̀ sí bí £3,840 tí Attendance Allowance kékeré máa mú wá. Bí owó báńkì rẹ̀ kò bá ju £10,000 lọ, wọn ò ní wò ó rárá. Bó bá rí owó orúnkún tí Nọ́ọ̀sì sọ gbà, ìyẹn ni wọ́n máa kà mọ́ owó tó ń wọlé, ìṣirò yìí á sì yí. Ẹ jẹ́ kí Citizens Advice tún un ṣe.

Bó tilẹ̀ jẹ́ £1 ni Pension Credit tó wọlé, ó ń ṣí ilẹ̀kùn mìíràn. Ẹni tó ti pé 75 kò ní san owó ìwé àṣẹ TV mọ́, èyí tó jẹ́ £174.50 ní ọdún 2025 sí 2026. Council tax, owó-orí ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà, á dín, owó iná á fi £150 dín. Bí ọjọ́ méje bá tutù nini tẹ̀léra, £25 á wọlé. Wọ́n sì lè ka Pension Credit padà sẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Nítorí náà: Attendance Allowance ṣáájú, Pension Credit tẹ̀ lé e.

Ó kan tiyín, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tí wọ́n bí ní August 1961 ò ní gba owó ìfẹ̀yìntì ìjọba àfi tó bá pé 67, ìyẹn August 2028. Ọdún 35 ló ń gbé owó ìfẹ̀yìntì tuntun yín dé iye kíkún, £230.25 lọ́sẹ̀ ní 2025 sí 2026, ọdún 10 ló kéré jù tí wọ́n lè fi san ohunkóhun. Ọdún kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá rí kún un ń mú bí £6.58 wá lọ́sẹ̀, bí £342 lọ́dún, títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Bẹ́ ẹ bá fowó ara yín ra ọdún kan ní Class 3, £17.75 lọ́sẹ̀ ni ní 2025 sí 2026, bí £923 lọ́dún. Kò tó ọdún mẹ́ta tó fi padà. Títí di 5 April 2025, èèyàn lè ra ọdún tó jìnnà dé 2006. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn yẹn, ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ló kù. Ṣùgbọ́n ẹ má san kọ́bọ̀ kẹ́ ẹ tó wo àkọsílẹ̀ yín lórí gov.uk, kẹ́ ẹ sì bá Future Pension Centre, ọ́fíìsì ìjọba tó ń dáhùn ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì, sọ̀rọ̀, torí ọdún mìíràn wà téèyàn á rà tí kò ní fi nǹkan kan kún un.

Ìyá Ìbejì ńkọ́? Bí wọ́n bá gba Child Benefit, owó tí ìjọba ń san lórí ọmọ, kó tó di May 2000, ẹ yẹ ìwé tiwọn náà wò. Ọ̀pọ̀ ìyá ni ọdún tí wọ́n fi tọ́mọ kò sí nínú àkọsílẹ̀ wọn, torí pé fọ́ọ̀mù ìgbà náà ò béèrè nọ́ńbà National Insurance dandan.

Ọmọ Àkókó, Leeds

Ẹ foríjì mí, ẹ̀yin àgbà. Mi ò ní kí bàbá má gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ o, mo ń gbàdúrà pé kó rí i gbà. Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ohun tó wà níkùn mi.

Ọ̀rọ̀ tí bàbá sọ, "mo ṣiṣẹ́ fún un," òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí àpótí kankan tí wọ́n kó owó rẹ̀ pa mọ́ sí. National Insurance tí wọ́n yọ lára owó oṣù mi lóṣù tó kọjá ni wọ́n fi ń san ti bàbá lóṣù yìí. Mo pé 34. Ìlàjì owó oṣù mi ni owó ilé ń kó lọ. Láti 2021, £12,570 lọ́dún ni wọ́n dá ìlà tí owó-orí ti ń bẹ̀rẹ̀ dúró sí, kò yí padà bó ti wù kí ọjà gbówó lórí tó. Ti àwọn àgbà ní triple lock: ọdọọdún ni wọ́n ń wo mẹ́ta, bí ọjà ṣe gbówó lórí, bí owó oṣù ṣe lọ sókè, àti ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó bá ga jù ni wọ́n ń fi kún un. Ní April 2023, ìdá 10.1 ni wọ́n fi kún un. Kò sẹ́ni tó fi bẹ́ẹ̀ kún tèmi. Òfin sì ti wà nílẹ̀ pé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì á di 68 kó tó kàn mí. Ta ló máa san tèmi?

Bàbá Ìbejì, Sunderland

Àbúrò, mo dúpẹ́ pé o sọ ọ́ tọkàntọkàn. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí bàbá létí lọ́jọ́ Sátidé nígbà ìsinmi ìlàjì. Ó gbọ́ ọ tán, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ọmọ yẹn ò parọ́."

Ó wá sọ ohun kan tí mi ò rò débẹ̀ rí. Ó ní nígbà tí ìjọba Thatcher já okùn tó so owó ìfẹ̀yìntì mọ́ owó oṣù ní 1980, tí wọ́n ní bí ọjà bá ṣe gbówó lórí nìkan ni yóò máa gòkè, òun jẹ́ ẹni ọdún 34. Ọjọ́ orí tìrẹ gan-an. Òun gbọ́ ọ lórí rédíò, òun ní ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó ni. Òun ò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń gé e fún. Ogún ọdún ni wọ́n fi ń gé e díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di pé ní April 2000, 75p lọ́sẹ̀ ni Gordon Brown rí fi kún un, tí gbogbo àgbà ìlú fi bínú. Èyí tí bàbá ń gbà lónìí, orí ohun tí wọ́n ti gé nígbà yẹn ló dúró lé. Ó ní kí n sọ fún ọ pé bí wọ́n bá já triple lock lónìí, ẹni 79 ò ní pẹ́ lọ, àwọn ẹni 34 ló máa bá àjákù rẹ̀ nílẹ̀.

Lórí owó ilé àti owó-orí, ó fara mọ́ ọ pátápátá. Ọmọkùnrin méjì ló ń jókòó níwájú wa, ọmọ àwọn tó mọ̀ níbi iṣẹ́. Ọ̀kan ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, inú yàrá ilé ìyá rẹ̀ ló ṣì wà. Bàbá ní ìjọba tó bá ní kí òun àti ọmọ yẹn bá ara wọn jà lórí owó ìdáná, òun ò ní dìbò fún un, ì báà jẹ́ Labour.

Bàbá Àgbà Bódìjà, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Inú mi dùn pé ọmọdé àti àgbà lè bára wọn sọ ọ́ báyìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ padà sí Abẹ́òkúta, ẹ gbọ́ tèmi. Mo ṣiṣẹ́ ní London, mo san National Insurance mi pé pérépéré, mo padà sílé ní 2009. Iye kíkún owó ìfẹ̀yìntì ìjọba lọ́dún yẹn jẹ́ £95.25 lọ́sẹ̀. Ní 2025, iye kíkún irú ti àtijọ́ yẹn ti di £176.45 fún ẹni tó dúró ní Britain. Tèmi ṣì wà ní ibi tó wà lọ́jọ́ tí mo gbéra. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọn kì í fi nǹkan kún un fún. Canada, Australia àti South Africa náà wà níbẹ̀. Ará Jamaica kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ padà sílé tirẹ̀ lọ́dún tí mo padà. Ọdọọdún ni tirẹ̀ ń gòkè, torí àdéhùn wà láàárín Jamaica àti Britain. Iṣẹ́ kan náà, wákàtí kan náà, owó kan náà ni wọ́n ń yọ lára wa. Àwọn kan gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Yúróòpù ní Strasbourg. Wọ́n pàdánù ní 2010.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé náírà tó ṣubú ti fi kún un fún mi. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi náà ti bá náírà lọ, gbogbo oṣù ni mò ń rí i.

Nítorí náà, iye tẹ́ ẹ bá ń gbà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbéra ni kẹ́ ẹ fi ṣírò ogún ọdún iwájú. Bẹ́ ẹ bá padà lọ gbé ní Britain, wọ́n á gbé e sí iye òní. Pension Credit ò ní bá yín wálé. Bẹ́ ẹ bá fi lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kúrò nílùú, á dúró. Wọ́n sì máa ń fi ìwé ránṣẹ́ pé kẹ́ ẹ fi hàn pé ẹ ṣì wà láàyè. Ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ tètè dá a padà. Tèmi pẹ́ lọ́nà nígbà kan, oṣù mẹ́ta ni mi ò fi rí nǹkan gbà.

Alátìlẹ́yìn Derby

Ẹ jẹ́ n fi ti ibi iṣẹ́ kún un, torí Ọmọ Àkókó. Robert Maxwell, olówó tó ni ìwé ìròyìn Mirror, ló ni ẹgbẹ́ Derby County títí di 1991. Kó tó di ìgbà náà, Oxford United ló wà, ó sì fẹ́ dà á pọ̀ mọ́ Reading ní 1983, kó sọ méjèèjì di Thames Valley Royals. Àwọn alátìlẹ́yìn ò gbà fún un, ọ̀rọ̀ náà ò sì wáyé. Ní November 1991 tó kú sínú òkun ni wọ́n tó rí i pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù pọ́n-ùn ti kúrò nínú àpò ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ ìwé ìròyìn Mirror. Òun ló bí òfin ìfẹ̀yìntì ti 1995, Pension Protection Fund sì wá dé ní 2005 láti máa gba àwọn tí ilé iṣẹ́ wọn bá wó.

Àbúrò, owó ìfẹ̀yìntì tí ibi iṣẹ́ ń yọ lára owó oṣù rẹ, má yọ ara rẹ kúrò níbẹ̀. Ẹni tó gbà ọ́ síṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi tirẹ̀ kún un, ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún ó kéré tán. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ níbi púpọ̀ tó sì ti gbàgbé èyí tó wà níbi kan, Pension Tracing Service ti ìjọba ń bá èèyàn wá a, wọn kì í gba owó.

Ìyá Tottenham

Mo rí i pé ẹ ò tíì mẹ́nu kan tíkẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni bàbá ti ń rí èèyàn bá sọ̀rọ̀. Ní March 2024, Tottenham kéde pé láti sáà 2025-26 àwọn ò ní fún àgbà tuntun kankan ní ẹ̀dínwó tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́dọọdún mọ́, pé ti àwọn tó ti ní in á sì máa dín kù díẹ̀díẹ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ táwọn èèyàn kọ ẹ̀yìn sí pápá ní ìṣẹ́jú 65. Bàbá kan tó wà nítòsí mi di ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, àwọn méjèèjì kẹ̀yìn, wọ́n ń wo ògiri. Ní November ọdún yẹn, Manchester United ní £66 ni tíkẹ́ẹ̀tì tó bá ṣẹ́ kù fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ọmọdé ni o, àgbà ni o. Òfin bọ́ọ̀lù tuntun ti dé láti July 2025, alábòójútó tí kò sí lábẹ́ ẹgbẹ́ kankan sì ti wà. Ẹ jẹ́ ká máa kọ̀wé sí ẹgbẹ́ wa nígbà tí wọ́n bá ń gba èrò alátìlẹ́yìn. Bí bàbá ò bá lè ra tíkẹ́ẹ̀tì mọ́, ta ni yóò rí i pé ó ti ń gbọ̀n?

Ẹ kìlọ̀ fún un pẹ̀lú nípa àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń kiri pé kí àgbà tẹ ìlújá kan láti béèrè owó ìdáná. Irọ́ ni. Owó yẹn ń wọlé fúnra rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ jù lọ, ìjọba kì í sì í fi àtẹ̀jíṣẹ́ béèrè nọ́ńbà báńkì.

Bàbá Ìbejì, Sunderland

Ẹ kú àdúrótì, gbogbo yín. Ọjọ́ Àìkú ni mo lọ sílé rẹ̀. Mi ò dárúkọ owó. Mo bi í bó ṣe ń wọ ìbọ̀sẹ̀.

Ó kọ́kọ́ ní kí ló mú mi bi òun. Nígbà tó yá, ó na ọwọ́ sẹ́yìn àga, ó fa síkáàfù Sunderland àtijọ́ kan yọ, pupa àti funfun, tó ti ṣá. Ó ti ta á ní kókó ní ìkángun kan bí ìdè màlúù. Ó ju ojú kókó yẹn sísàlẹ̀, ó ki àtàmpàkò ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì fa ẹsẹ̀ náà gòkè wá sórí àpótí kékeré kan. Ó mí gùlegùle. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì ni òun ti ṣubú nídìí rẹ̀ lọ́dún yìí, òun ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní, "Ìyẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ mọ̀." Ó wo síkáàfù yẹn títí. Ó ní, "Kọ ọ́ sílẹ̀."

Àmọ́ ó ní òun ò ní fọwọ́ sí i àfi tí mo bá ṣí ìwé National Insurance tèmi níwájú òun. A ṣí i lórí fóònù mi níbẹ̀. Àlàfo méjì wà nínú ọdún mẹ́fà tó kọjá, ìgbà tí mò ń tọ́jú ìyá mi nílé. Màá pe Future Pension Centre lọ́la, ó ti kọ nọ́ńbà wọn sí ẹ̀yìn ètò ìdíje rẹ̀, lábẹ́ ti mítà gáàsì. Ó tún ní kí n ka ọ̀rọ̀ Bàbá Àgbà Bódìjà fún òun lẹ́ẹ̀kejì. Kò mọ̀ rí pé wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá padà sí Nàìjíríà. Ó ní òun fẹ́ kọ̀wé sí aṣòfin àdúgbò wa nípa rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Newcastle

Ọlọ́run ṣeun. Ìbéèrè kan: ṣé ẹ fóònù béèrè fọ́ọ̀mù náà ni, àbí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde? Bó bá jẹ́ fóònù, ọjọ́ tẹ́ ẹ pè ni wọ́n máa kà sí ọjọ́ ìbéèrè, tẹ́ ẹ bá ti dá a padà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Bàbá Ìbejì, Sunderland

Fóònù ni, mà. Ọjọ́ wà lára rẹ̀. A ti ya fọ́tò gbogbo ojú ewé pa mọ́, màá fi ránṣẹ́ láàárọ̀ ọ̀la.